Wọ́n Ní Ẹyẹ Ni Ìyá Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n tú ohun tó wà nínú mi jáde lónìí, torí ó ti fẹ́ bẹ́ mi níkùn.

Láàárọ̀ àná ni ẹnì kan fi àwòrán ìyá arúgbó kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn ọmọ iléèwé wa àtijọ́. Ìyá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn ọ̀dọ́ yí i ká, gèlè ò sí lórí ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ẹyẹ ló ń fò kọjá lójú ọ̀run, ló fara gbá wáyà NẸ́PÀ, ló já lulẹ̀, ló di ènìyàn. Kí sì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó kàwé, tí wọ́n lọ́mọ ní yunifásítì, ń kọ sí i? "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" "Iná Ẹ̀mí Mímọ́!"

Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n la fóònù mọ́lẹ̀. Torí pé wọ́n ti pe ìyá tó bí èmi náà lẹ́yẹ rí. Ní Ibafo níbí, lójúmọmọ, ojú mi báyìí ló ṣe!

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ o. Ìgbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ àwa mẹ̀kúnnù ni, nígbà tí èèyàn á kàn fìláàṣì ẹ, tí wàá sì mọ̀ pé ìwọ lo máa pè é padà. Èmi àti ọkọ mi, Bàbá Fèyí, ti kó kúrò ní Mushin wá sí Lotto, ní Mowe, torí ilé tá à ń kọ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Fèyí á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kó lè bá iṣẹ́ l'Ékòó. Èmi ń ta ẹja inú yìnyín níwájú ilé.

Màámi ń gbé ní Ìkirè nígbà yẹn. Tí ẹ bá ti gba Ìkirè kọjá rí láyé ijọ́un, tí ẹ ra dòdò dúdú tó ní ata lára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Màámi lẹ jẹ. Òun ni wọ́n fi tọ́ wa, òun ni wọ́n fi rán wa níléèwé.

Ọjọ́ kan ni aládùúgbò wọn pè mí pé Màámi ò mọ̀nà ilé mọ́. Ilé tí wọ́n ti ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ bàbá mi! Mo pe Bọ̀dá Délé, àkọ́bí Màámi, tó ń gbé ní Ifo. (Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" sọ̀rọ̀ ẹ̀. Lónìí, mi ò ṣe.) Ó ní ilé òun ò gba àlejò báyìí. Àlejò kẹ̀! Ẹni tó lóyún ẹ, tó pọ̀n ẹ́ lẹ́yìn, ló wá dàlejò lọ́dọ̀ ẹ? Mo wọkọ̀ lọ sí Ìkirè, mo lọ mú ìyá mi fúnra mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo rò pé àárẹ̀ ọ̀nà ni. Àfi bí Màámi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí. Wọ́n á béèrè ìyá wọn, tí mo bá ní, "Màámi, ìyá yín ti kú tipẹ́," wọ́n á bú sẹ́kún bíi pé ìròyìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Tó bá tún di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún béèrè, mo wá ń túfọ̀ ìyá wọn lójoojúmọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ òórùn èéfín, mo sáré dé kíṣìnì. Màámi ti tan sítóòfù, wọ́n ti gbé òróró kaná, wọ́n ń dúró de ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ò sí níbì kankan. Iná ti mú kọ́tìnì. Mo fi igbe ta. Màámi yíjú sí mi, wọ́n ní kí n rọra, kí n má lé àwọn oníbàárà lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rí irú ẹ̀ rí, ẹ mọ̀ pé èèyàn ò ní mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni àbí kóun sunkún. Mo pa iná, mo jókòó sílẹ̀ kíṣìnì níbẹ̀, mo ṣe méjèèjì.

Mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò. Wọ́n yẹ ìfúnpá wò, wọ́n fún wa ní oògùn àti fìtámì. Mo ṣàlàyé títí, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Mama ń ṣarán ni. Ọjọ́ orí ló fà á. Ẹ máa gbé wọn lọ sílé."

Kí n gbé wọn lọ sílé, kí n wá ṣe kí ni? Ṣé kí n gbé sítóòfù pamọ́ ni? Ṣé kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ni? Tí wọ́n bá béèrè ìyá wọn, kí ni kí n fèsì? Ẹ wò ó, ẹni tó lóyún, wọ́n á kọ́ ọ bó ṣe máa gbé ọmọ, bó ṣe máa wẹ̀ ẹ́, bó ṣe máa fún un lọ́yàn. Wọ́n á tún kó gbogbo wọn jọ ní kílíníìkì, wọ́n á jọ máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á jọ máa kọ ọ́ lórin. Ẹni tí ìyá ẹ̀ ń padà di ọmọdé ńkọ́? Ta ló ń kọ́ òun? Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún òun? Kò sẹ́nì kankan!

Ohun kan wà nípa Màámi tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Màámi kì í sọ pé "mi ò mọ̀" tàbí "mi ò rántí". Obìnrin ọlọ́yàyà ni wọ́n, ọmọlúàbí gidi, ojú sì ń tì wọ́n pé nǹkan ń sọ nù lọ́pọlọ àwọn. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni wọ́n fi ń bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí mo bá ní, "Màámi, ṣé ẹ ti jẹun?" wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Oúnjẹ wà lórí tábìlì, wọn ò fọwọ́ kàn án. "Ṣé ẹ ti wẹ̀?" "Bẹ́ẹ̀ ni." Omi ìwẹ̀ ṣì kún inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun yòówù kẹ́ ẹ bi wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ní ṣé àwọn ni wọ́n kọ́ afárá Èkó, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á tún kí yín kú iṣẹ́.

Ó wá di òwúrọ̀ Sátidé kan, irú àárọ̀ tí èrò máa ń ti ìṣọ́ òru ní Camp àwọn Rìdíìmù bọ̀, tí títì márosẹ̀ máa ń kún fọ́fọ́. Bàbá Fèyí sùn sí Èkó. Mo wẹ̀ tán, mo wọ yàrá Màámi, bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Mo sáré jáde, géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Mo wá gbogbo Lotto. Mo dé ìdí kànga, mo wọ inú àwọn ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán, mo ń pe "Màámi! Màámi!" bí ọmọ tó sọ nù lọ́jà. Kò sẹ́ni tó rí wọn. Ìgbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ títì ni mo bi ọlọ́kadà kan bóyá ó rí ìyá arúgbó kan. Ojú ẹ̀ tàn. Ó ní, "Ìyá arúgbó? Wọ́n mà ti mú àjẹ́ kan ní Ibafo o! Wọ́n ní ẹyẹ ló ń fò bọ̀ láti ìpàdé, ló bá já lulẹ̀."

Mo gun ọ̀kadà, mo ní kó gbé mi lọ. Ó ní ṣé èmi náà fẹ́ lọ wòran ni? Mo gbá a lẹ́yìn gbàà, mo ní tí kò bá sáré, èmi àti ẹ̀ ni wọ́n máa wòran wa!

Ẹ̀yin ènìyàn, èrò tó wà ní Ibafo lọ́jọ́ yẹn, bíi pé ẹnì kan ń pín owó. Wọ́n yí òpó NẸ́PÀ kan ká. Mo fi ìgbúnwọ́ gbún tọ̀tún, mo gbún tòsì, kí n tó ráyè wọlé. Màámi ló jókòó sídìí òpó yẹn (bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ láti Lotto, mi ò mọ̀ títí dòní), wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ìró wọn ti tú. Ọkùnrin kan gbé táyà dání. Obìnrin tín-ín-rín kan tó ń ta búrẹ́dì la apá méjèèjì sílẹ̀ níwájú Màámi, ó ń pariwo pé tí wọ́n bá fẹ́ dáná sun ìyá yìí, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ sun. Nínú gbogbo èrò yẹn, òun nìkan! Ọlọ́run á máa bá mi bù kún obìnrin yẹn títí ayé.

Ọkùnrin onísíńgílẹ́ẹ̀tì kan ló ń ṣe ọ̀gá wọn. Òun ló ń béèrè ọ̀rọ̀. "Ìwọ ìyá yìí, ṣé ẹyẹ ni ọ́?" Màámi wojú ẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Èrò hó yèè! "Ṣé ìpàdé lo ti ń bọ̀?" "Bẹ́ẹ̀ ni." "Ṣé o ti pààyàn rí?" "Bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n tún hó.

Àwọn ọmọ tí ìyá wọn ò tíì lóyún wọn nígbà tí ìyá mi ti ń dín dòdò, àwọn ló ń "ìwọ" ìyá mi! Ẹni tó bá sì sún mọ́ wọn, Màámi á ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ." Ẹni tó gbé táyà dání, ìyá mi kí i kú iṣẹ́! Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bi ara ẹ̀ léèrè pé irú àjẹ́ wo ló máa ń kí àwọn tó fẹ́ sun ún?

Mo figbe ta, mo ní, "Ìyá mi ni! Ara wọn ò yá!" Wọ́n ní, "Ọmọ ẹ̀ ti dé o!" Àwọn kan ní kí wọ́n dè mí mọ́ ọn. Onísíńgílẹ́ẹ̀tì ní ẹnu ara ẹ̀ ló fi jẹ́wọ́, pé gbogbo ayé ló gbọ́. Ó tún ní òun fojú ara òun rí i nígbà tó ń já bọ̀ látòkè.

Mo ní, "O rí i?" Ó ní òun rí i. Mo ní irú ẹyẹ wo? Ó ní ẹyẹ ńlá ni. Mi ò mọ ohun tó gbé ojú mi lọ sí ẹsẹ̀ Màámi. Sílípáàsì rọ́bà tiwọn ló wà lẹ́sẹ̀ òsì. Lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, sálúbàtà Bàbá Fèyí ni! Sálúbàtà gìrìwò tí aránbàtà Lotto fi okùn pupa gán.

Mo bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ wọn, mo gbé e sókè. Mo ní, "Ẹ wò ó dáadáa! Bàtà ọkọ mi rèé! Ṣé ẹyẹ yín kọ́kọ́ yà sílé mi wá wọ bàtà ni, kó tó wá máa fò lọ? Ìwọ tó o rí i látòkè, ṣé o rí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹ̀? Ẹyẹ wo ló máa ń wọ bàtà?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Oníbúrẹ́dì ò jẹ́ kó bọ́ lọ, ó gbà á lẹ́nu mi: "Ẹyẹ oníbàtà! Ẹ wá wo ẹyẹ oníbàtà o!" Ni ẹ̀rín bá gba gbogbo ibẹ̀. Onísíńgílẹ́ẹ̀tì ń sọ̀rọ̀, wọn ò gbọ́ tiẹ̀ mọ́, òun ni wọ́n wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó gbé táyà yíjú padà, ó ń yí i lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ̀rín ló gba ìyá mi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn o. Kì í ṣe àánú, kì í ṣe ọgbọ́n. Ká ní kò pa ẹnì kankan lẹ́rìn-ín ńkọ́?

Ọlọ́kadà yẹn náà ló gbé wa padà, Màámi wà láàárín. Oníbúrẹ́dì fún wọn ní búrẹ́dì kan, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ. Nígbà tá a dé Lotto, wọ́n ní, "Àwọn ọmọ yẹn mà lọ́yàyà o." Mo mú wọn wọlé, mo ti géètì.

Ẹ rò pé ó tán? Kò tán o. Ti ìta ò dùn mí tó ti ilé.

Ìròyìn ti dé Ifo kí n tó wẹ Màámi tán. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Bọ̀dá Délé dé. Ẹni tílé ẹ̀ ò gba àlejò, ó wá gbé ọkọ̀ wá! Ó mú ìyàwó ẹ̀ wá, ó tún mú pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n ń lọ. Ó ní àwọn fẹ́ gbé Màámi lọ sí ilé àdúrà kan nínú igbó lẹ́yìn Ifo, kí wọ́n lè gba ìdáǹdè. Ìyàwó ẹ̀ ò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ Màámi sínú báàgì.

Mo mọ ilé àdúrà náà. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan débẹ̀ lọ wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀ rí. Ṣẹkẹṣẹkẹ ni wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ wọn mọ́ igi, ààwẹ̀ tipátipá ni wọ́n ń gbà, pàṣán ni wọ́n fi ń lé ẹ̀mí èṣù jáde lára wọn. Ìyá mi, pẹ̀lú ọjọ́ orí yẹn, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru! Tí Màámi bá fi wọ ọkọ̀ yẹn, òkú wọn ni wọ́n máa gbé padà fún mi.

Mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wò ó, àìsàn ló ń ṣe Màámi." Ó ní ta ni mí tí màá wá kọ́ òun bóun ṣe máa tọ́jú ìyá òun? Ó ní àjẹ́ Màámi ló dojú iṣẹ́ òun dé, ṣé mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀ ni, àbí èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ wọn? Bàbá Fèyí wà níbẹ̀, inú ń bí i, mo rí i lójú ẹ̀. Àmọ́ àna ni. Kí ni àna fẹ́ sọ láàárín ọmọ ìyá méjì tí wọn ò ní sọ pé ó ń bú ìyá ìyàwó ẹ̀ tàbí pé ó ń lé ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀ nílé?

Pásítọ̀ ní ká jẹ́ kí Mama fẹnu ara wọn sọ ọ́. Ó fa àga sún mọ́ Màámi. Ó kéré tán, òun ń fi "ẹ" bá wọn sọ̀rọ̀. "Mama, ṣé ẹ wà nínú ẹgbẹ́?" "Bẹ́ẹ̀ ni." "Ṣé ẹ̀yin lẹ so iṣẹ́ Délé mọ́lẹ̀?" "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Ìyàwó Bọ̀dá Délé ká ọwọ́ lérí. Bọ̀dá Délé ń mi orí, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́ bí? Ẹ gbọ́ bí?" Ó ti dìde, ó ti di Màámi lápá mú. Màámi náà ń dìde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n rò pé òde kan là ń lọ.

Ni nǹkan bá já nínú mi. Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìbéèrè." Mo dúró síwájú Màámi, mo mú ọwọ́ wọn. Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ pa Délé?"

Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Ṣé Délé ti kú?" "Ó ti kú." "Ṣé a ti sin ín?" "A ti sin ín." Délé rèé tó dúró gbagidi, tó dì wọ́n lápá mú! Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ kú ikú ara yín o. Ṣé ẹ gba èyí náà gbọ́? Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi jẹ́wọ́!"

Mi ò tíì tán. Mo ní, "Màámi, ẹ wo pásítọ̀ yìí. Ṣé ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ ni?" Màámi wo pásítọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni wa ni."

Háà! Ẹ ò bá wo bí pásítọ̀ ṣe fò sókè! Ó ní irọ́ ni! Ó ní ẹ̀mí ẹ̀tàn ló ń gba ẹnu Mama sọ̀rọ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́! Ẹ gbọ́ o. Nígbà tó jẹ́ pé orí ìyá mi ni ìjẹ́wọ́ ń bọ́ sí, òtítọ́ ọ̀run ni. Tó wá kan òun, irọ́ ni! Mo ní, "Ẹ ṣeun, pásítọ̀. Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn."

Bàbá Fèyí wá dìde, ó gba báàgì lọ́wọ́ ìyàwó Bọ̀dá Délé jẹ́jẹ́, ó gbé e padà sí yàrá. Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Bọ̀dá Délé ju ọwọ́ Màámi sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e, kò bẹ Màámi, kò bẹ èmi. Títí dòní ni kò bẹ̀ mí. Màámi ń juwọ́ sí wọn látẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ní, "Ẹ bá wa kílé o."

Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá Fèyí ní kò ní parí síbẹ̀. A gbé Màámi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan l'Ábẹ́òkúta. Àwọn kan ní ká má lọ, pé ilé wèrè ni. Kí ló kàn mí? Ẹni tó ti dé ìdí òpó Ibafo rí, kí ni ilé wèrè máa fi ṣe é?

Dókítà obìnrin kan ló tẹ́tí sí wa. Ó ní ọpọlọ ló ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, pé àìsàn gidi ni, wọ́n ń pè é ní dẹmẹ́ńṣíà. Ó ní kò sóògùn tó ń wò ó tán, àmọ́ ọgbọ́n wà tá a lè fi máa bá a gbé. Ká má máa bi Màámi ní ìbéèrè bíi ti tíṣà. Ká má máa bá wọn jiyàn. Tí wọ́n bá béèrè ìyá wọn, ká ní, "Irú ènìyàn wo ni ìyá yín?" kí wọ́n máa sọ̀tàn ẹ̀. Ká so agogo kékeré mọ́ géètì. Ká rán nọ́ńbà fóònù wa mọ́ etí ìró wọn. Tí ọwọ́ wọn bá ń wá iṣẹ́ dòdò, ká fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí wọ́n máa bó, jìnnà sí iná.

Ṣé nǹkan tí ò lè gba ilé ìwòsàn ní ìdajì wákàtí láti kọ́ èèyàn nìyí? Nǹkan tí ì bá gba ìyá mi lọ́wọ́ táyà?

Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Fèyí, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń rí oorun sùn?" Láti ọjọ́ tí mo ti mú Màámi wálé, ẹnì kankan ò bi mí nìyẹn rí. Àwọn èèyàn á ní, "Mama ńkọ́?" Èmi ò sí níbẹ̀. Mo bú sẹ́kún, mo tún bínú sí dókítà tí ò ṣẹ̀ mí. Mo ní, "Dókítà, níbo lẹ ti wà látọjọ́ yìí?" Ó ní àwọn ò pọ̀. Ó ní ó yẹ kí gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké máa kọ́ ẹbí ní nǹkan wọ̀nyí. Ó yẹ! Ọ̀rọ̀ "ó yẹ" ti pa èèyàn púpọ̀ nílẹ̀ yìí.

Kò rọrùn lẹ́yìn náà o, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ a ń gbé e. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tàn kálẹ̀, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ìdí ẹja mi lọ́sàn-án Àìkú: ọkùnrin kan tí bàbá ẹ̀ máa ń fi igi lé e jáde pé olè ni, ìyàwó kan tí ìyá ọkọ ẹ̀ ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé kì í fún òun lóúnjẹ. A máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a máa sọ tinú wa, a máa jọ bínú. Ẹni tó bá mọ ọgbọ́n kan á kọ́ ẹnì kejì.

Màámi kú sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, nínú ilé mi, ọwọ́ wọn wà lọ́wọ́ mi. Ní Ìkirè la sin wọ́n sí. Bọ̀dá Délé gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "A tọ́jú Màmá wa títí dọ́jọ́ ikú." A? A wo? Mo rìn lọ bá a, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn àgbà ń fà mí láṣọ, mi ò gbọ́. Mo ní, "Ìyá mi ò ṣàjẹ́, ìyá mi ò di ẹyẹ. Ìyá mi ṣàìsàn ọpọlọ, kò sẹ́ni tó kọ́ wa bá a ṣe máa ṣe é." Mo dá ẹ̀rọ padà, mo lọ jókòó.

Nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ, obìnrin àgbàlagbà kan tí mi ò mọ̀ rí fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní ọkọ òun wà nílé, òun ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kóun tó wá. Ó ní kò mọ òun mọ́, pé àwọn ọmọ ọkọ òun ń sọ pé òun ló fi nǹkan ṣe bàbá wọn. Ó dì mí lọ́wọ́ mú pinpin. Ó ní, "Kọ́ mi. Jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?" Pẹ̀lú aṣọ òkú lára mi, mo jókòó tì í lórí òkúta ibẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú kò pọ̀. Arúgbó tó bá sọnù lójú títì, ìyá ẹnì kan ni. Ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ fún un lómi, ẹ wá ẹbí ẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ń ṣàìsàn kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ìwòsàn, tẹ́ ẹ bá ti ń sọ fún ọmọ ìyá arúgbó pé "ọjọ́ orí ni", ẹ dákun, ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ kọ́ ọ lóhun tó máa ṣe tó bá délé.

Ó wá kù sọ́wọ́ yín. Ta ló ń tọ́jú bàbá tàbí ìyá tí ò rántí nǹkan mọ́? Kí ló ń ni yín lára jù? Ọgbọ́n wo lẹ ti dá sí i? Ẹ kọ ọ́ síbí, kẹ́ ẹ má fi ìtìjú pa ara yín. Màá ka gbogbo ẹ̀, màá sì fèsì. Àmọ́ tó bá jẹ́ "It is well" nìkan lẹ fẹ́ kọ, mo bẹ̀ yín, ẹ máa bá tiyín lọ. Kò tíì well o!